Yanrìn Ilé Ang

Ní Au-soa, abúlé wa létí òkun, tí ọkùnrin bá ti gbé ṣọ́bìrì yanrìn kúrò lára ògiri, obìnrin ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ lanu sọ̀rọ̀ mọ́, àfi tí ṣọ́bìrì náà bá padà sáyè rẹ̀. Kò gbọdọ̀ pe ọmọ, kò gbọdọ̀ lé adìẹ. Bí epo gbígbóná bá ta sí i lọ́wọ́, kó yáa fi eyín di ètè mú. Wọ́n ní ẹja ṣóńṣó ń gbọ́ ohùn obìnrin láti abẹ́ yanrìn, ojú á tì í, á sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹja tí kò létí! Ẹja tí kò tilẹ̀ lórí! Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fún àwọn baba wa? Báyìí la ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ náà la sì ń ṣe é.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni orí wá gbé Ang Sok-kim wá sí, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Láti kékeré, tó bá lọ pọnmi, ohùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí omi tó dé. Ìyá rẹ̀ ti kú, òun nìkan sì ni bàbá rẹ̀, Ang Bo-tek, bí. Tí bàbá náà bá fẹ́ gbé ṣọ́bìrì, á wo ọmọ rẹ̀ lójú, ọmọ á fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ẹ̀rín á sì máa gbọ̀n ọ́n ní èjìká. A máa ń rí wọn, inú wa sì máa ń dùn sí wọn nígbà náà.

Ẹja ṣóńṣó yìí kò gùn ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ. Iwájú rẹ̀ ṣóńṣó, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣóńṣó, ara rẹ̀ sì mọ́ gaara débi pé tí o bá gbé e sójú oòrùn, wàá rí ohun tó jẹ. Inú yanrìn ló ń gbé, ẹnu nìkan ló ń yọ síta. A kì í fi àwọ̀n mú un, a kì í fi ìwọ̀ mú un. Tí òkun bá ti fà, ọkùnrin á wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sórí yanrìn ilé rẹ̀, á ti ṣọ́bìrì tí ọ̀pá rẹ̀ gùn bọ inú omi, á wa yanrìn sínú ọkọ̀, á bù ú sínú àwo pákó, á máa fi omi yí i títí yanrìn á fi lọ sílẹ̀ tí ẹja á léfòó. Yanrìn tó bá ti fọ̀ tán, ibi tó ti wà á gan-an ló gbọdọ̀ dà á padà sí. Òfin ni. Ẹja náà wá ńkọ́? Ẹ fi ẹyin dín in, ẹ bù ú lé ìrẹsì olómi tí wọ́n fi ànàmọ́ sè, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ tún máa rántí ẹni tó bú yín lánàá.

Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní yanrìn tirẹ̀ lábẹ́ omi. Kò sí ògiri, kò sí èèkàn. Àmì méjì lórí ilẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n: tí nǹkan kan bá bọ́ sẹ́yìn nǹkan kan lápá ibí, tí nǹkan míràn bá bọ́ sẹ́yìn nǹkan míràn lápá ọ̀hún, o ti wà lórí yanrìn rẹ nìyẹn. Bàbá á sọ ọ́ sí ọmọkùnrin rẹ̀ létí. Kì í sọ ọ́ fún ọmọbìnrin, torí ọmọbìnrin á lọ ilé ọkọ, á sì gbé e lọ bá àwọn àna.

Bo-tek ò lọ́mọkùnrin. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ọkọ ló máa ń wá wálé fún ọmọ rẹ̀. Ọkọ náà á máa gbé ilé ìyàwó, àkọ́bí ọkùnrin tí wọ́n bá bí á sì máa jẹ́ orúkọ ilé ìyàwó. Ọmọ olówó kì í gba irú ẹ̀. Lim Tian-sek ló gbà á, ọmọ kẹta ilé Lim ní Te-bue, lódìkejì omi. Ó dára lójú, apá rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó kúnlẹ̀ níwájú pátákó àwọn baba ńlá ilé Ang, ó búra pé àkọ́bí òun á jẹ́ Ang, pé àmì yanrìn ilé Ang ò ní ti ẹnu òun jáde láéláé. Gbogbo wa la jẹ ẹran ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kejì ni Bo-tek mú un lọ sẹ́yìn ilé, ó sọ àmì méjèèjì sí i létí. Nígbà tí wọ́n padà dé, Sok-kim ti dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, èmi ńkọ́?"

"Ìwọ kẹ̀?"

"Mi ò kúkú lọ ilé ọkọ. Ọkọ ló wá bá mi. Ẹ sọ fún èmi náà."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ọkọ rẹ ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọkọ bá ti mọ̀, ṣé ìyàwó ò mọ̀ ọ́n ni? Lọ gbé oúnjẹ wá, jàre."

Ó gbé oúnjẹ wá. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun, ṣùgbọ́n ó gbé e mì, ó ní bàbá òun ni. Ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, kò sọ fún un. Ẹni tó wọlé lánàá, ó sọ fún un. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Wọ́n bí ọmọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Ang Kian. Ojú bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú nígbà náà, Tian-sek nìkan ló ń lọ sórí omi. Nǹkan ń lọ dáadáa. Àlejò kan tilẹ̀ máa ń wá sílé wọn láti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amoy, Tíṣà Khu, tó máa ń kó ìgò wá fi gbé ẹja ṣóńṣó láàyè. Ọjọ́ kan, ṣọ́bìrì ti wà lára ògiri, Sok-kim sì ti gba ẹnu rẹ̀ padà, ló bá kọjú sí i.

"Tíṣà, kí lẹ ń fi ẹja wa ṣe ná? Ẹ ò dín in, ẹ ò sá a."

"Ìyá Kian, kì í ṣe ẹja."

Tian-sek pa àtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o! Kì í ṣe ẹja. Ṣé adìẹ ni?"

"Ẹja ní orí, ó sì ní eegun ẹ̀yìn," Tíṣà wí. "Èyí ò ní ìkankan. Kò lójú, àfi àmì dúdú wínníwínní. Kò sí ọkàn tó ń lù kì-kì-kì láyà rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tilẹ̀ pupa. Ọ̀fun rẹ̀ ló fi ń sẹ́ omi, bí ìyá Kian ṣe ń sẹ́ omi sóyà, ohun tó bá kù nínú asẹ́ ló ń jẹ."

"Ekòló ni nígbà náà," Bàbá wí.

"Kì í ṣe ekòló náà, Bàbá. Ekòló, ìgbín, edé, akàn, wọn ò ní nǹkan kan lẹ́yìn. Akàn tilẹ̀ gbé líle tirẹ̀ wọ̀ síta bí ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí." Ó gbé ìgò sójú oòrùn. "Okùn kan wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Kì í ṣe eegun, àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ eegun ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹja kankan tó wà láyé, irú nǹkan báyìí ti ń gbé inú yanrìn. Nínú ẹbí rẹ̀ ni ẹja ti jáde, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀lọ́, lẹ́yìn náà alángbá, ẹyẹ, títí ó fi kan èmi àti ẹ̀yin."

Bàbá fi ọwọ́ wá abọ́ ẹyin díndín tó wà níwájú rẹ̀. "Ṣé baba ńlá mi ni mò ń jẹ yìí ni?"

"Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀gbọ́n baba ńlá yín."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi," ni Bàbá wí, ló bá jù ú sẹ́nu. Sok-kim rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kò léegun lẹ́yìn, kò lọ́kàn láyà, ó sì ń jayé orí ẹ̀," Tian-sek wí. "Irú wọn pọ̀ nílé wa ní Te-bue." Ni gbogbo wọn bá tún bú sẹ́rìn-ín. Mo sọ fún yín, ẹnu ọkùnrin náà dùn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Kò ṣẹlẹ̀ sí yanrìn ilé mìíràn, ti ilé Ang nìkan ni. Abọ́ tó máa ń kún di ìlàjì, ìlàjì di ìsàlẹ̀ abọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan, Tian-sek wọlé, ó fi ṣọ́bìrì ti ògiri, kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Ìyá Kian, o sọ̀rọ̀ lónìí."

"Mi ò sọ̀rọ̀ o, bàbá Kian."

"Mo ti gbé ṣọ́bìrì, mo ti dé ìdí igi ọ̀dán, mo gbọ́ ohùn rẹ."

"Ọmọ ló ṣubú. Mo kàn ní 'pẹ̀lẹ́' ni."

"Pẹ̀lẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀, àbí?" Ó kọjú sí Bàbá. "Bàbá, ẹ bá mi dá sí i. Mò ń fi apá mi ṣiṣẹ́, ó ń fi ẹnu rẹ̀ tú u ká."

Sok-kim wo bàbá rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tó yẹ kó gbèjà rẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi orí. "Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún un. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Ó tán. Obìnrin náà gbà pé òun lẹ́bi. Ó kọ́kọ́ ń dákẹ́ tí ṣọ́bìrì bá jáde. Nígbà tí ẹja ò pọ̀ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ láti ìgbà tó bá ti jí. Nígbà tó yá, kò sọ̀rọ̀ mọ́ rárá, tọ̀sán-tòru, kí ẹja má baà rí àwáwí. Ó ń lọ sí ilé òrìṣà Ìyá Òkun, á kúnlẹ̀, kò ní lè sọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jáde, á kàn máa forí kan ilẹ̀. Àwọn obìnrin ò bá a jókòó níbi tí a ti ń sá ẹja mọ́, wọ́n ní kó má kó ẹnu burúkú ran àwọn. Ọmọ rẹ̀, Kian, tó ti tó ẹni tó ń bú adìẹ láàárọ̀, ìka ló fi ń tọ́ka sí nǹkan. Ta ni yóò kọ́ ọ lọ́rọ̀? Ìyá rẹ̀ ti di ògiri.

Tíṣà Khu wá, ó gbé ìgò rẹ̀ dání, kò rí ẹja kó sí i. Wọ́n sọ ẹjọ́ ẹnu Sok-kim fún un. Ó ní, "Bàbá Kian, nǹkan yìí ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Yanrìn ni ẹ̀mí rẹ̀. Omi gbọdọ̀ rí àyè gba àárín yanrìn kọjá. Tí ẹrẹ̀ bá rọ́pò yanrìn, ẹrẹ̀ á dí asẹ́ ọ̀fun rẹ̀, á kú. Ṣé ẹnì kan ń kó yanrìn níbẹ̀ ni?"

Tian-sek rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa jí yanrìn lábẹ́ òkun, Tíṣà? Ẹ̀yin alákọ̀wé ẹ kú ìrònú."

Sok-kim wà nídìí ààrò, ó gbọ́. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó mi orí sí ọkọ rẹ̀, ó gbè é lẹ́yìn. Lọ́kàn rẹ̀, kí ni Tíṣà mọ̀ nípa yanrìn wa?

Ọjọ́ àjọ̀dún òtútù dé, ọjọ́ tí a máa ń se ìyẹ̀fun ìrẹsì róbótóróbótó nínú omi ṣúgà. Tian-sek ti gbé ṣọ́bìrì jáde láàárọ̀. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó má ṣèyọnu láti lọ sí Te-bue, òtútù mú, ìyá òun á gbà. Ṣùgbọ́n Sok-kim rò ó pé òun ti ba ọkọ òun nínú jẹ́ tó, kí òun kúkú fi èyí tù ú lójú. Ó bu oúnjẹ àjọ̀dún sí ìkòkò, ó fi ọmọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ èrò.

Nígbà tó wọ agboolé Lim, ilé tuntun ló bá. Ògiri ti yọ dé èjìká, bíríkì pupa, ilẹ̀kùn tó fẹ̀. Òkìtì yanrìn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ yọ jáde, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Ó mọ̀ pé ìyàwó yìí kì í sọ̀rọ̀, ṣọ́bìrì sì wà lórí omi lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ń bá odi sọ̀rọ̀ kì í ṣọ́ ẹnu.

"Ìyàwó mi, káàbọ̀! Ìwọ náà wá wo ilé yín! Wò ó, yàrá tìẹ rèé. Ibí yìí ni àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ á máa gbà kọjá, má jẹ́ kó bí ọ nínú. Èyí tó rí oòrùn yìí, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún Lim Kian."

Sok-kim ò mọ ìgbà tó ba mọ́lẹ̀ lẹ́bàá òkìtì náà. Ó bu yanrìn sọ́wọ́. Yanrìn oníhóró ńlá ni, ó mọ́, ó ń dán. Nínú rẹ̀, nǹkan tín-ín-rín tín-ín-rín ti gbẹ mọ́ ọn, iwájú ṣóńṣó, ẹ̀yìn ṣóńṣó. Ó ṣẹ́ ọ̀kan, ó kán pọ́ọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni. Ó fọwọ́ tú òkìtì náà, wọ́n tún wà nísàlẹ̀.

Ó gbé orí sókè, ó sì sọ̀rọ̀.

"Ta ni Lim Kian?"

Ìyá náà fò sẹ́yìn. "Hà! Ṣọ́bìrì wà níta o!"

"Mo ní ta ni Lim Kian, Ìyá?"

"Ọmọ rẹ ni! Àbí Tian-sek ò tíì sọ fún ọ? Bí bàbá rẹ bá ti lọ, ẹ ń bọ̀ nílé nìyẹn. Ọmọkùnrin tó ní irú apá yẹn, ṣé ilé obìnrin ló máa kú sí? Ọkọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń dúró tì í lórí omi. Tó bá ti sáré fọ yanrìn náà, wọ́n á gbà á. Ìyókù, àwọn tó ń kọ́ ilé ńlá ní Amoy ń fi bíríkì pààrọ̀ rẹ̀. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò mọ̀ ni?"

Kò mọ̀. Gbogbo Te-bue mọ̀, òun ò mọ̀. Ó di yanrìn sínú aṣọ orí rẹ̀, ó padà lọ wọ ọkọ̀ èrò. Ìkòkò oúnjẹ àjọ̀dún wà níbẹ̀ tó gbé e kalẹ̀ sí.

Bàbá wà lórí àpótí, Kian wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Sok-kim gba ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó tú yanrìn sí i. Bàbá fi àtàǹpàkò yí i. Ojú rẹ̀ ti lọ tán, ṣùgbọ́n kò nílò ojú fún ìyẹn.

"Yanrìn wa nìyí. Ta ló gbé e wálé? A kì í gbé e wálé."

"Ara ògiri ilé tí ọkọ mi ń kọ́ ní Te-bue ni mo ti bù ú wá."

Bàbá kọ́kọ́ gbọ́ ohùn kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀. "Sok-kim, o ń sọ̀rọ̀. Ṣọ́bìrì ò tíì wọlé."

"Ṣọ́bìrì ò rí nǹkan kan gbé wálé mọ́, Bàbá. Ẹ fọwọ́ wá inú rẹ̀ wò."

Ó wá a. Àwọn ṣóńṣó gbígbẹ náà bọ́ sí i lábẹ́ ìka. Bàbá ń di ọwọ́ náà, ó ń tú u, ó ń dì í, yanrìn sì ń dà sórí Kian.

Ìgbà tí Tian-sek wọlé, kò tíì gbé ṣọ́bìrì ti ògiri tí ìyàwó rẹ̀ fi pè é. Àwa aládùúgbò gbọ́ ọ, a sì jáde. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ohùn yẹn.

"Tian-sek!" Kò pè é ní bàbá Kian. "Yanrìn wo ló kù tí o máa gbé?"

Ó wo aṣọ orí tó wà nílẹ̀, ó mọ̀ pé ó ti tán. Àwọn mìíràn á kúnlẹ̀. Òun ò kúnlẹ̀. "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Gbogbo yín lẹ ń fi mí ṣẹ̀sín. Ọkọ tí ìyàwó gbé níyàwó! Ṣé ẹ rò pé mi ò ń gbọ́ ọ ni? Ṣé èmi ò lórúkọ bàbá tèmi ni?"

"Wọ́n ń bú ọ, mo mọ̀. Mo sì máa ń bá wọn jà. Ṣé èmi náà bú ọ rí?"

Tian-sek wo ṣọ́bìrì ọwọ́ rẹ̀.

"O jókòó ní tábìlì bàbá mi, o ní ẹnu mi ló lé ẹja lọ. O mọ ibi tó lọ. O ń wò mí tí mò ń forí kan ilẹ̀ nílé òrìṣà, o mọ ibi tó lọ. Ọmọ mi ò mọ 'màmá' pè nítorí ìdákẹ́ mi. Ò bá tiẹ̀ jí yanrìn náà, Tian-sek, kí o fi ẹnu mi sílẹ̀ fún mi!"

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló bù sẹ́nu. Ọkùnrin náà fi ṣọ́bìrì sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ó bá ẹ̀yìn wa jáde, ó wa ọkọ̀ lọ sí Te-bue. Nígbà tí àwọn ilé Lim wá gba ọmọ, àwọn àgbà rán wọn létí ìbúra iwájú pátákó, wọ́n ní Ang ni Kian, Ang ni yóò máa jẹ́. Ìyẹn la rí ṣe. Yanrìn tó ti wọ ara ògiri, àgbà wo ló máa bu ú jáde?

Tíṣà Khu tún wá lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́ ọ, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò òfìfo rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ó ní ìdílé tó ti wà kí eegun tó wà láyé, tó ti la gbogbo nǹkan kọjá, yàrá mélòó kan ní Te-bue ló wá pa á níbí. Kò tún padà wá.

Nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, Bo-tek pe ọmọ rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, síbi tó ti sọ ọ́ fún Tian-sek. Ó gbá a ní orí mú, ó sọ ọ́ sí i létí, bí àṣà. Omijé rẹ̀ kan ọmọ náà létí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà. Kó tó parí, Sok-kim ti mọ àwọn nǹkan náà: orí òrùlé ilé òrìṣà tó máa bọ́ sẹ́yìn igi ọ̀dán, àti àpáta funfun tó máa dí ẹnu odò. Ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ló ń kọjá lára wọn.

Ọjọ́ kejì, òkun fà. Obìnrin kì í gbé ṣọ́bìrì ní Au-soa. Sok-kim gbé e, ó gbé Kian sínú ọkọ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń wa ọkọ̀ lọ, ó ń sọ̀rọ̀ sókè, ó ń sọ orúkọ ẹyẹ fún ọmọ, orúkọ àpáta, orúkọ àwa tó dúró létí omi tí a ń wò ó. Kò sí ẹni tó ní kó dákẹ́. Ó wa ọkọ̀ títí òrùlé fi bọ́ sẹ́yìn igi, títí àpáta fi dí ẹnu odò. Ó ti ṣọ́bìrì bọ omi. Ó fà á sókè. Ẹrẹ̀ dúdú ni, ó ń rùn. Ó tún tì í bọ omi, ẹrẹ̀ ni. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀.

Bàbá ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé o rí ibẹ̀? Ṣé àmì náà tọ́?"

"Ó tọ́, Bàbá. Ó tọ́ gan-an." Ó fi ṣọ́bìrì ti ògiri. "Ẹ̀ bá ti sọ ọ́ fún mi nígbà tí yanrìn ṣì wà níbẹ̀."